Bí Dókítà Àyọ̀kẹ́ Ṣe Sin Ọ̀gá Rẹ̀ Sọ́nà

Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tí Àyọ̀kẹ́ Bámgbóyè jẹ yó ní Ṣáínà. Ẹ̀rọ ìrẹsì ni ìjọba ní kó lọ kọ́ níbẹ̀, òun ọmọ tíṣà láti Òkè-Ìlá. Ọdún kìíní tí wọ́n fi kọ́ ọ ní èdè wọn ló bà á jẹ́: ó bá ewì àtijọ́ pàdé, ó sì gbàgbé ẹ̀rọ pátápátá. Nígbà tó padà dé, ìyá rẹ̀ káwọ́ lérí.

"Wọ́n ní kí o lọ kọ́ uṣẹ́, o wá gbé ewì wá ulé! Ṣé ewì la ó máa sè jẹ ni?"

Lọ́dún 1998 tí mo wọ kíláàsì èdè Ṣáínà rẹ̀ ní yunifásítì ní Adó-Èkìtì, àwa mẹ́fà péré la wà níbẹ̀. Kí n má purọ́, kì í ṣe ìfẹ́ Ṣáínà ló gbé mi débẹ̀. Fáànù yàrá yẹn ló ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí obìnrin kúkurú yìí bá ti fi ṣọ́ọ̀kì ya àmì kan sójú pátákó, tó ní, "Òkè rèé, ẹ wò ó, ṣóńṣó mẹ́ta ló ní," inú mi á máa dùn ṣìnkìn. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ tó máa ń da àwọn òyìnbó láàmú nínú èdè náà, eré ọmọdé ni lẹ́nu wa. Á fò sókè, á pàtẹ́wọ́: "Ọlọ́run ló dá etí yín fún un!"

Prófẹ́sọ̀ Ọláyíwọlá, ọ̀gá ẹ̀ka wa, ọmọ Ìgèdè, kò rí i bẹ́ẹ̀. Lójú tirẹ̀, ẹ̀kọ́ tí kò bá lè kó èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jọ, kó yáa kú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wọlé wá bá wa.

"Dókítà, ẹ má bínú," ó ní. "Òní ni ẹ̀kọ́ yìí parí. Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, gírámà Gẹ̀ẹ́sì lẹ óò máa kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní."

Dókítà gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó fún un ní kíláàsì yìí, bí wọ́n bá sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ibòmíràn tó lè gbé ewì rẹ̀ lọ. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo fẹ́ kígbe.

"Ẹ ṣé, sà," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká sìn yín sọ́nà."

Awakọ̀ Prófẹ́sọ̀ ti gbé mọ́tò lọ tò fún epo ní Fájuyì, nítorí náà ẹsẹ̀ ló máa fi rìn dé géètì. Gbogbo wa tẹ̀ lé wọn. Ewì ìdágbére la ń kà lọ́sẹ̀ náà, Dókítà kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń pa ẹnu mọ́, ìbànújẹ́ ìbáà gorí rẹ̀. Ó ní àwọn ará ìgbàanì ní Ṣáínà á sin ọ̀rẹ́ dé etí odò, wọ́n á mu ọtí, wọ́n á ké ewì fún un, wọ́n á wá dúró títí ọkọ̀ rẹ̀ á fi di tíńtín lójú omi.

Prófẹ́sọ̀ dúró gbagidi. "Wọ́n á kàn dúró? Ṣé ìsìnsọ́nà nìyẹn? Ní Ìgèdè, bí ẹ bá sìn mí, èmi náà á sìn yín padà!"

"Nínú oòrùn yìí, sà? Ẹ ò lè ṣe é."

Èèyàn kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ Èkìtì. Ó yí padà, ó sìn wá dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì. Ta ni yóò wá jẹ́ kí àgbà dá nìkan padà? A tún sìn ín. Ó kọ̀, ó tún sìn wá. Òógùn ti bo gbogbo wa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wò wá láti ọ̀ọ́kán rò pé àlùtà ti bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n bá ń kọrin bọ̀, wọn ò tilẹ̀ bèèrè ohun tí a ń jà fún.

Nígbà tí a dé géètì lẹ́ẹ̀kan sí i, Dókítà gbé ọwọ́ sókè. "Sà, ẹnikẹ́ni kì í lọ láìké ewì. Ìlà mẹ́rin, sílébù márùn-ún fún ọ̀kọ̀ọ̀kan."

Ariwo sọ. Prófẹ́sọ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ìka kà á. Ó gbìyànjú ìlà kan. "Ó lé kan!" làwọn èrò ké. Ó tún un gbé kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ yí padà, ohùn rẹ̀ sì rọ̀:

"Ọ̀rẹ́ mi ti lọ,
òkè ti bò ó;
mo ṣì ń juwọ́,
afẹ́fẹ́ ló rí."

Prófẹ́sọ̀ sọ ọwọ́ tó fi ń kà á sílẹ̀.

"Akínyẹlé ni," ó ní. "Ọ̀rẹ́ mi láti kékeré. Lọ́jọ́ tó ń lọ sí Kánádà, ìpàdé kan dá mi dúró. Kí n tó dé gáréèjì, mọ́tò rẹ̀ ti gun òkè lọ. Ọ̀hún ló kú sí." Ó nu ojú rẹ̀. "Dókítà, ẹ̀kọ́ yín ò lọ síbì kankan. Mo ti juwọ́ tó láyé mi."

Àwọn èrò hó yèè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wọn ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Dókítà sáré síwájú láti sìn ín dé títì.

"Ẹ dúró níbẹ̀!" Prófẹ́sọ̀ ti fò sẹ́yìn ọ̀kadà. "Bí ẹ bá tún sìn mí, a ò ní dé ulé lónìí!"

Dókítà Àyọ̀kẹ́ jókòó sórí koríko, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa òun dìde.