Orúkọ Ẹlẹ́ṣin Tí Josiah Fún Ọmọ Wa

Josiah ọmọ Gbádéyan ni gbogbo Ògìdì ń pè ní tíṣà. Bàbá ẹ̀ gbin kọfí títí ẹ̀yìn ẹ̀ fi tẹ̀, kó lè rán an lọ sílé ìwé ní Kàbà. Ohun tó gbé bọ̀ fún wa ni ìwé orúkọ òyìnbó kan báyìí, tó ti gbó létí bí etí ewúrẹ́ àgbà. Ó ń gbé e lọ sóko, ó ń gbé e lọ sódò. Òun ló sì ń mú orúkọ ìsàmì fún gbogbo ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Àwa, ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Josiah ò wolé, kò bi ìyá, kò bi baba. Á fi itọ́ pọ́n ìka, á ṣíwèé, ibi tó bá ṣí sí lọmọ ń jẹ́. Ìríra gbáà! Ọmọbìnrin kan tí ìwọ́ ẹ̀ ò tíì já, ó ní kó máa jẹ́ Priscilla. A ní kí ni ìtumọ̀ ẹ̀? Ó ní, "Ẹni àtijọ́." Ó sọ òmíràn ní Rachel, ó ní abo àgùntàn ni. Ìyá ọmọ ń dúpẹ́! Mo tutọ́ sílẹ̀.

Ó wá kàn wá. Lọ́dún tí wọ́n ní obìnrin ló jọba nílùú òyìnbó, Monica, aya ọmọ mi Ọlọ́runlékè, bímọ ọkùnrin. Mo sọ ọ́ ní Ìbítóyè, torí ìran wa ò pọ̀ mọ́ látìgbà ogun Tápà, bíbí ẹ̀ tó oyè fún wa. Lọ́jọ́ Sátidé, Josiah dé.

"Okun o, Iye." Bí a ṣe ń kí ìyá nílẹ̀ wa nìyẹn.

"Okun, tíṣà. Kí ni ìwé ẹ bí lónìí?"

"Philip ni. Àwọn ará Gíríkì ló ni ín, ó ti pẹ́ láyé."

"Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?"

"Ẹni tó fẹ́ràn ẹṣin."

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, eyín ẹ̀ funfun báláú.

"Josiah, ta ló lẹ́ṣin ní Ògìdì yìí?"

"Kò sí, Iye."

"Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ńkọ́?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣíwèé.

"Tápà ni! Orí ẹṣin ni wọ́n wà tí wọ́n fi so ẹ̀gbọ́n mi Ọmọ́níyì lókùn lọ́rùn, tí wọ́n fà á lọ. Inú ihò àpáta la wà tá à ń wò ó, ìyá mi fọwọ́ dí mi lẹ́nu. Ìyá baba tìẹ náà, orí òkè yẹn ló sá bímọ sí. Èyí tó ṣẹ́ kù fún wa, òun lo fẹ́ kó fẹ́ràn ẹṣin?"

"Iye, orúkọ lásán ni."

"Bó bá jẹ́ lásán, kí lò ń gbéwèé káàkiri sí? Wá òmíràn!"

"Mo ti kọ ọ́ fún pásítọ̀. Yíǹkì ni mo fi kọ ọ́."

Yíǹkì! Mo wo ọmọ mi. Ọlọ́runlékè tẹ orí ba. "Iye, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dójú tì mí lójú tíṣà." Baba ọmọ ló lọmọ. Mo dìde, mo wọlé.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè wọ́n da omi lé e lórí: Philip. Mi ò bá wọn lọ. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà nínú agbo ilé wa: ẹni tó bá fi orúkọ ẹṣin pe ọmọ yìí, kó má bù nínú ìkòkò mi mọ́.

Ọmọ ti ń sáré kiri báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Josiah dúró lójúde wa.

"Philip! Wá kí tíṣà! Philip!"

Ọmọ ń jẹ iṣu sísun ẹ̀, kò tilẹ̀ wo ìhà ibẹ̀.

"Iye, ṣé etí ń dùn ún ni?"

"Ó ń gbọ́ tiẹ̀. Ìwọ lo ò tíì pè é."

Ó wo Monica. Monica ń gúnyán, kò gbójú sókè. Josiah wá sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó jalè: "Ìbítóyè."

Ọmọ dìde lọ bá a. Mi ò kí tíṣà kú iṣẹ́.