Àmín Alhaja

Ọjọ́ tí n kò ní gbàgbé láéláé ni ọjọ́ tí mo há sínú yàrá àdúrà mi ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo gbé ẹ̀wà kaná ní kíṣìnì, mo wọ sùtánà, mo sì ti ilẹ̀kùn mọ́ra mi láti gbàdúrà, bí àwa Aládùúrà ti ń ṣe. Nígbà tí mo parí, bí mo ṣe ní kí n ṣílẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ kán sínú rẹ̀. Fóònù mi wà ní kíṣìnì. Irin wà lójú fèrèsé.

Mo figbe ta: "Ẹ gbà mí o!"

Alhaja, aládùúgbò mi tó ń tajà ní Sábó, dáhùn láti ẹ̀yìn ògiri: "Àmín o, Ìyá Aládùúrà!"

Èéfín ẹ̀wà tó ń jóná ti ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Bí mo ṣe ń lọgun tó ni àmín ń le sí i. Mo ń lu ilẹ̀kùn, mo ń húkọ́, ọkàn mi kò dúró sójú kan. Ni mo bá jókòó sílẹ̀, mo dijú, mo pọkàn pọ̀ sórí ohun kan ṣoṣo: etí Alhaja. Ó ń gbọ́ mi, ṣùgbọ́n igbe mi ti mọ́ ọn lára, kò fọkàn sí i mọ́. Kí ni yóò gbọ́ lẹ́nu mi tí kò ní lè jókòó?

Mo fẹnu sójú fèrèsé, mo pe ìrun: "Àlááhù Àkúbárù!"

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń sáré bọ̀. "Ta ló ń pe ìrun nínú yàrá Aládùúrà?"

"Èmi ni! Mo há!"

Ó pa iná, ó sì pe káfíńtà. Títí dòní, tí mo bá ń gbàdúrà, Alhaja á kọ́kọ́ wá ti ilẹ̀kùn mi wò kó tó ṣàmín.