Ìdajì Ti Dúrójayé

Tẹ́lẹ̀, bí ẹ bá fẹ́ rí ìjà Fúnláyọ̀, aránṣọ tó wà ní Addo, ẹ ní kó pa ohun kan rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, kódà kó jẹ́ sítáì tí ẹnikẹ́ni ò rán mọ́. Èmi tí mò ń ta bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dán an wò rí, mo sì jẹ èébú yó.

Dúrójayé ọkọ rẹ̀ ló ra ẹ̀rọ náà. Àràárọ̀ ló ń gba márosẹ̀ lọ sí Ibeju-Lekki, níbi tó ti ń ya àwòrán ilé fáwọn tó ń kọ́lé. Ó pín inú ẹ̀rọ náà sí méjì, ètò tó ń darí ẹ̀rọ sì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ìdajì kọ̀ọ̀kan: Windows ní ìdajì kan fún sítáì ìyàwó rẹ̀, Linux ní ìdajì kejì fún iṣẹ́ tirẹ̀. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń retí ọmọ. Àmọ́ ẹni tí wọ́n ní kó dúró jayé kò dúró; àìsàn kékeré ló mú un lọ. Láti ìgbà náà, ẹ̀gbẹ́ Windows nìkan ni Fúnláyọ̀ ń ṣí.

Nígbà tí sítáì kún ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ dẹ́nu, ó gbé ẹ̀rọ náà lọ sọ́dọ̀ Jàmíù tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Mo tẹ̀ lé e. Jàmíù tẹ ìdajì kejì, Windows sì ní àfi kí wọ́n fọ́ọ̀màtì ẹ̀, ìyẹn kí wọ́n nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, kí wọ́n tó lè lò ó.

"Àǹtí, space yìí empty. Ẹ jẹ́ n format ẹ̀, kí n fi kún tiyín."

"Má fọwọ́ kàn án. Ibẹ̀ lọkọ mi ti máa ń ṣiṣẹ́."

Jàmíù káwọ́ kúrò. "Linux ni wọ́n lò? Ìyẹn ni Windows ò ṣe lè kà á. Windows máa ń fún yàrá tiẹ̀ ní lẹ́tà, C, D. Linux ò mọ lẹ́tà; abẹ́ gbòǹgbò kan ṣoṣo ló ń kó gbogbo ẹ̀ sí, bí ẹ̀ka igi. Kọ̀ǹpútà Mac náà ní tiẹ̀ lọ́tọ̀. Bíi ayálégbé ni: ẹni tí ò ní kọ́kọ́rọ́ yàrá kejì á ní kò séèyàn níbẹ̀."

Ó fi fláàṣì tí Linux wà nínú rẹ̀ tan ẹ̀rọ náà. Ìdajì kejì ṣí. Àwòrán ilé kan la kọ́kọ́ rí, Dúrójayé sì ti kọ orúkọ sínú yàrá kọ̀ọ̀kan: pálọ̀, ilé ìdáná, ṣọ́ọ̀bù Fúnláyọ̀ tó kọjú sí títì. Yàrá kékeré tó kángun sí yàrá òun àti ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò kọ nǹkan kan sí.

"Bóyá wọ́n gbàgbé ni," Jàmíù wí.

"Kò gbàgbé," Fúnláyọ̀ dáhùn. "A kì í sọ ọmọ lórúkọ kó tó dé."

Àárò ọkọ rẹ̀ sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, ó ṣí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn sítáì rẹ̀ rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ìdajì kejì lè wà bó ṣe wà.