Bí Ìyá Ínṣì Ṣe Kọ́ Káàdì Ojú Ọ̀run

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Ìyá Ínṣì fi gé aṣọ ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń rán yúnífọ́ọ̀mù. Kì í ṣe pé ó ń rán an. Ó ń gé e ni. Àwọn tí kò mọ iṣẹ́ náà rò pé bákan náà ni méjèèjì, kò sì sú u rí láti là wọ́n lóye pé ẹni tó bá ṣi aṣọ rán lè tú u, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣì í gé, ó ti gé e nìyẹn. Ogójì ìpele aṣọ ni wọ́n máa ń tò léra lórí tábìlì gígùn kan. Yóò fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí èyí tó wà lókè, yóò sì ti ẹ̀rọ agéṣọ gba àárín gbogbo wọn kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ó bá fi ínṣì kan ṣìnà, ogójì ṣòkòtò ló bàjẹ́. Nítorí náà ni kò ṣe ṣìnà. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún un pé, "Ó ti tó bẹ́ẹ̀," yóò ní, "Kò tíì tó bẹ́ẹ̀. Ínṣì kan ni ínṣì kan." Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. Lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì, àwọn ọ̀gá fún un ní aago ògiri kan tó dára. Ó ń fi ìṣẹ́jú mẹ́rin yá. Ó dá a padà fún wọn.

Yàrá mẹ́ta ló wà nínú ilé rẹ̀. Òun ń gbé ọ̀kan, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tó ń tún firíìjì ṣe àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé ìkejì, ìkẹta sì ni pálọ̀. Ilé ìwòsàn ni ìyàwó ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, yóò fi ojú lé ẹnu ẹ̀rọ kan, yóò máa ka àwọn ohun kéékèèké tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn, èyí tí ojú lásán kò lè rí. Ọdún méjì ni ìyá ọkọ àti ìyàwó yìí ti jọ ń gbé, wọn kò sì jà rí. Wọn kò bára wọn sọ̀rọ̀ rí náà, bí a bá yọ "Ẹ káàárọ̀, mà" àti "Ṣé o sùn dáadáa?" kúrò. Àwọn ará àdúgbò máa ń sọ pé irú àlàáfíà bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Àlàáfíà yìí ló wà nílẹ̀ tí ọmọ fi dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó ní, "Màámi, a ti rí ilé kan o."

"Ilé kí ni?"

"Yàrá méjì. Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi báyìí ló wà."

"Ta ló ń lé yín níbí?"

"Ẹnì kankan ò lé wa, Màámi. Onílé ní ká fún òun lésì kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí."

Ìyá Ínṣì béèrè bí fèrèsé ibẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Ọmọ ní òun kò wọ̀n ọ́n. Ó ní kó lọ wọ̀n ọ́n. Kò jẹ́ sọ fún ọmọ pé kó má lọ, nítorí ó gbà pé ìyá tó bá ti bẹ ọmọ pé kó dúró ti fi ọ̀nà hàn án nìyẹn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ó ti ń rí yàrá mẹ́ta tí òun nìkan yóò máa tan iná wọn, tí òun nìkan yóò sì tún máa pa á, ìran náà kò sì kúrò lójú rẹ̀.

Ohun tó kíyè sí ni pé ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, àwọn méjèèjì a máa jáde lọ sílé àwọn ọ̀rẹ́ wọn, àpótí dúdú kan á sì wà ní abíyá ìyàwó. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ilé yẹn, ó dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyàwó, kí ló wà nínú àpótí yẹn?"

Láti ọdún méjì, ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò jẹ mọ́ oorun. Ìyàwó wo ọkọ rẹ̀ ná kó tó dáhùn. "Káàdì ni, mà. Eré ni."

"Eré irú èwo?"

"Ti ojú ọ̀run ni, mà. Èèyàn á máa tẹ ìlú dó láàárín àwọn ìràwọ̀."

"Àwọn wo ló ń gbé ibẹ̀?"

"Kò tíì sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀, mà. Ọjọ́ iwájú ni."

"Ẹ wá fi ilé tí èèyàn ń gbé sílẹ̀, ẹ ń lọ sí ìlú tí ẹnikẹ́ni ò gbé." Ìyá Ínṣì fa àga kan jáde nídìí tábìlì. "Ẹ jókòó síbí, kí ẹ kọ́ mi."

"Màámi, ẹ̀yin kẹ̀?" ni ọmọ wí.

"Àbí wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé kí ìyá má ṣe é?"

Wọn kò kọ ọ́ sí i. Òun fúnra rẹ̀ ló yẹ̀ ẹ́ wò. Ojú ewé mẹ́rìndínlógún ni ìwé òfin eré náà. Ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì tún un kà. Sátidé àkọ́kọ́ parí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan káàdì.

Ní Sátidé kejì, wọ́n pín in. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: olúkúlùkù ní káàdì lọ́wọ́, yóò sì máa tẹ́ wọn ní ìlà síwájú ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá ìràwọ̀, bóyá ọkọ̀ tó ń fò láàárín ìràwọ̀, bóyá ilé ẹ̀rọ. Èyí tó bá ti wà nílẹ̀ á máa ran èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́wọ́. Bí ẹnì kan bá ti tẹ́ mẹ́wàá, eré parí, wọ́n á wá ka máàkì tó wà ní igun káàdì kọ̀ọ̀kan. Gbogbo èyí yé Ìyá Ínṣì. Títẹ́ nǹkan sórí tábìlì kò ṣàjèjì sí i. Ohun tí kò yé e ni bí wọ́n ṣe ń ra káàdì.

"Mo fẹ́ gbé èyí kalẹ̀."

"Mẹ́ta ló ń gbà, mà. Ẹ da mẹ́ta nù nínú èyí tó wà lọ́wọ́ yín."

"Kí n da mẹ́ta nù? Kí ló ṣe wọ́n?"

"Kò sóhun tó ṣe wọ́n, mà. Òun la fi ń san án."

"Aṣọ tó dáa délẹ̀, o ní kí n gé e sọnù kí n tó lè rán àpò." Ó wo àwọn káàdì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ilé iṣẹ́, àjákù tí kò ju àtàǹpàkò lọ, ó mọ ibi tó máa fi sí. "Mi ò dà á nù."

Kò sì dà á nù. Nígbà tí ìyàwó tẹ́ ìkẹwàá tirẹ̀, méjì péré ló wà níwájú Ìyá Ínṣì, mọ́kànlá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dì wọ́n mú bí ẹni di ọmọ tuntun mú.

"Màámi, èyí tó wà lọ́wọ́ ò ní máàkì o," ni ọmọ wí.

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìkankan tó sọnù."

Wàhálà kejì wá láti ọ̀dọ̀ ìyàwó. Kí wọ́n tó ṣe nǹkan kan nínú eré náà, olúkúlùkù á yan káàdì iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe, á da ojú rẹ̀ dé, wọ́n á sì ṣí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyàwó kò lè ṣí tirẹ̀ títí ìyá ọkọ rẹ̀ á fi ṣí.

"Ìwé ní ká ṣí i pa pọ̀," ni Ìyá Ínṣì wí.

"Ẹ ṣí i ná, mà."

"Pa pọ̀ ni wọ́n kọ."

"Mi ò lè ṣí i ṣáájú yín, mà."

"Ta ló ní kí o ṣáájú? Mo ní pa pọ̀!"

Ọmọ ní òun á máa kà á fún wọn. "Ení, èjì, ẹ̀ta!" Ìyá ṣí i ní ẹ̀ta gan-an. Ìyàwó fi bí ìṣẹ́jú àáyá kan falẹ̀, ó sì tẹrí ba díẹ̀. Ìyá Ínṣì fi ìka kan káàdì rẹ̀.

"Ìyàwó, ọ̀wọ̀ tó ń dúró wo káàdì mi kó tó ṣí tiẹ̀, àbúrò olè ni."

Ìyàwó bú sẹ́rìn-ín. Kò fọwọ́ bo ẹnu bó ti máa ń ṣe. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ìgbà náà, wọ́n ń lu káàdì mọ́ tábìlì lẹ́ẹ̀kan náà débi pé ọmọ ní kí wọ́n rọra, kí ẹsẹ̀ tábìlì má ṣẹ́.

Ní Sátidé kẹta, Ìyá Ínṣì da káàdì kan nù. Ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ pa á lórí. Ní Sátidé kẹrin, ó ń dà wọ́n nù ní méjì-méjì, ìyàwó sì ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Màámi, ẹ tún ti di wọ́n mú. Ẹ jẹ́ kí àwọn ìràwọ̀ yẹn mí!" Òun náà á ní, "Gbájú mọ́ ẹ̀jẹ̀ tí ò ń kà." Àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n máa ń lọ bá tẹ́lẹ̀ pè lórí fóònù láti mọ̀ bóyá ara wọn kò yá ni. Ìyàwó a máa sáré ti ibi iṣẹ́ dé, á jókòó sórí àpótí nínú ilé ìdáná, á máa sọ ti obìnrin kan tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba; ìyá ọkọ á sì máa sọ bí ọwọ́ ṣe máa ń mọ iye ìpele aṣọ láìfi ojú kà á. Ìyá Ínṣì rò ó pé ète òun láti mú kí ilé yìí dùn mọ́ wọn ń lọ bó ṣe yẹ kó lọ. Ohun tó kù ni ọmọ, ẹni tí àwọn méjèèjì ti nà lórí káàdì títí tí kò fi bá wọn ṣeré mọ́. Ó kàn ń jókòó tì wọ́n, ó ń fi ìyàwó rẹ̀ yangàn.

"Màámi, tẹ́ ẹ bá lè na ìyàwó mi kí oṣù tó parí, a ò lọ mọ́."

Bí wọ́n ṣe ń sọ fún ọmọdé pé tó bá lè fọwọ́ kan àjà, wọ́n á fún un ní súìtì, bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ ọ́. Ìyá Ínṣì kó káàdì rẹ̀ kalẹ̀.

"Tún un sọ."

"Àwàdà ni, Màámi."

"Mi ò bi ọ́ bóyá àwàdà ni. Mo ní kí o tún un sọ."

Ó wo ìyàwó rẹ̀ pé kó gba òun. Ìyàwó ń to káàdì, kò gbójú sókè. "Ẹnu ọkùnrin kì í ṣe méjì," ló wí.

Ọmọ rẹ́rìn-ín, ó tún un sọ. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Títí di ọjọ́ náà, kò sí ìgbà kankan tí ìyá rẹ̀ na ìyàwó.

Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù dé. Ìyá Ínṣì ṣe eré náà bí ẹni tó ń gé aṣọ olówó iyebíye: kò yára, kò sì padà sẹ́yìn. Ó da káàdì márùn-ún nù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti gbé ìràwọ̀ ńlá kan kalẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì ṣẹ́. Òun ló tẹ́ ìkẹwàá. Wọ́n kà á. Tirẹ̀ jẹ́ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

"Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n," ni ìyàwó wí nípa tirẹ̀. "Màámi, ẹ nà mí." Ó sì ti ń kó káàdì rẹ̀ jọ.

Ọmọ fa àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì.

"Dúró," ni Ìyá Ínṣì wí. "A kì í kó aṣọ kúrò lórí tábìlì láìyẹ̀ ẹ́ wò."

Ó fi ìka kan tọ ìlà ìyàwó láti ìbẹ̀rẹ̀, bó ṣe máa ń fi í tọ etí aṣọ. Nígbà tó dé ìkeje, ìka náà dúró.

"Méjì nìyí."

"Níbo, mà?"

"Níbí. Ọ̀kan wà lábẹ́ ọ̀kan."

"Bóyá ti eré tẹ́lẹ̀ ni, mà. Ẹ jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀."

"Ti tẹ́lẹ̀ kọ́. Ìṣojú mi lo ti gbé e kalẹ̀, o sì sanwó ẹ̀. Mẹ́ta ló wà ní igun rẹ̀." Ó fà á yọ, ó gbé e sí àyè ara rẹ̀, ó tò ó kó gún. "Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n àti mẹ́ta, mẹ́rìndínlógójì. Ìwọ lo fi méjì nà mí."

"Màámi, eré lásán ni."

"Eré ni, ó sì lófin. Mi ò gba máàkì tí kì í ṣe tèmi."

Ọmọ dìde, ó di ìyá rẹ̀ mọ́ra. Ó ní irú ìyá báyìí kò wọ́pọ̀, pé ibi tí òun ti jogún òtítọ́ nìyí. Lẹ́yìn náà ló mú fóònù, ó jáde lọ pe onílé. Inú Ìyá Ínṣì dùn sí ara rẹ̀ fún ìwọ̀n ìgbà tí omi ife tíì kan fi ń hó.

Nínú ilé ìdáná, ìyàwó ń fọ ife tí kò dọ̀tí.

"Màámi, iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe?"

"Ò ń ka nǹkan inú ẹ̀jẹ̀."

"Mélòó ni mò ń kà lójúmọ́?"

"O ní wọ́n tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún."

"Káàdì mẹ́sàn-án ni mo wá ṣì kà?"

Ìyá Ínṣì gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀.

"O ò bá ti ṣẹ́jú sí mi."

"Mo ṣẹ́jú sí yín, mà. Lẹ́ẹ̀mejì. Káàdì lẹ̀ ń wò."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún ọkọ ẹ pé o ò fẹ́ lọ?"

"Kí n sọ fún un pé ìyá ọkọ mi wù mí ju ilé tuntun lọ? Ta ló máa gbà á gbọ́? Ẹ̀yin ni ìyá ẹ̀. Kí ló dé tí ẹ̀yin náà ò sọ ọ́?"

Láti ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń gbọ́ ohùn ọmọ lórí fóònù, ó dún, ó sì dùn: "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. A gbà á, sà. Ọjọ́ kìíní gan-an." Ó tún sọ fún onílé pé ìyá òun ló parí ọ̀rọ̀ náà.

Ìyá Ínṣì gba ife lọ́wọ́ ìyàwó, ó nù ún, ó gbé e sójú àyè rẹ̀.

"Ilé yẹn, ṣé ó ní àtẹ̀gùn?"

"Ó ní, mà. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Mo kà á."

"Ó dá ọ lójú?"

"Màámi!"

"Mo kàn ń béèrè ni," ni Ìyá Ínṣì wí. "Ẹni tó máa gùn ún ní gbogbo Sátidé ló yẹ kó mọ iye tó jẹ́."