Egbò Tí Wọ́n Pè Ní Làpálàpá

Mo rántí ìgbà tí egbò kan jókòó sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, tí kò dùn mí, tí kò sì jinná. Sókótó ni mo ti gbé e bọ̀, níbi tí mo ti ṣe àgùnbánirọ̀. Nígbà tí mo padà sí Ẹdẹ, ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì àdúgbò wa ni mo gbà lọ. Kò kọ́ṣẹ́ ìṣègùn níbì kankan, ṣùgbọ́n ó ń wọ aṣọ funfun gbọọrọ, ó sì fẹ́ràn kí wọ́n máa pe òun ní dókítà. Kò tilẹ̀ dìde lórí àga. Ó ní, “Làpálàpá ni. Kí lo tún ń wò mí fún?” Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Èmi tí mo jáde yunifásítì!

Oògùn tó fún mi bó awọ mi bí ẹni bó iṣu sísè. Egbò náà ń gbòòrò lọ sí ìpéǹpéjú. Mo padà lọ bá a, ó ní ẹja tí mò ń jẹ ló fà á. Ìyá mi ló là mí lójú. Wọ́n ní, “Ẹni tó máa dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò. Ṣé o ò rí làpálàpá tó wà lọ́rùn òun fúnra rẹ̀ ni?”

Wọ́n fà mí lọ sí ọsibítù. Obìnrin ni dókítà ibẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ni ibi tí mo ti ń bọ̀. Wọ́n họ díẹ̀ lára egbò náà, wọ́n fi ẹ̀rọ wò ó: kòkòrò tí ojú lásán ò lè rí ló wà níbẹ̀, eṣinṣin kan tó kéré ju ẹ̀fọn lọ ló jẹ mí ní Sókótó tó fi kó o sí mi lára. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ti ìdí. Etí egbò gan-an ni wọ́n ń gún un sí, yíká yíká, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. “Má mira o, ẹ̀gbẹ́ ojú nìyí,” ni wọ́n máa ń wí, èmi á sì fún ọwọ́ ìyá mi bí ẹni fún aṣọ. Ó jinná. Àpá rẹ̀ ò ju èékánná lọ.

Lọ́jọ́ kan mo ń kọjá níwájú kẹ́míìsì náà. Ìyá àgbà kan láti Alájùé jókòó síbẹ̀, egbò ńlá wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ọkùnrin náà nawọ́ sí mi. “Màmá, ẹ wo ojú ọmọ yìí. Èmi ni mo wò ó sàn.”

Ìyá náà wò mí. “Ṣé lóòótọ́ ni, ọmọ mi?”

Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ní, “Ọlọ́run á wò yín sàn, mà,” mo bá tèmi lọ.

Ẹ̀gàn tí mo ní fún ọkùnrin yẹn ti ń tán lọ. Òpùrọ́ lásán ni. Ọmọbìnrin tó mọ òtítọ́, tó rẹ́rìn-ín tó sì kọjá, òun ni mi ò tíì rí ojú rere fi wò.