Kọfí tí Ìyá Àgbà Ń Sá Sórí Àpáta

Ní Sátidé tó kọjá, ọmọ ọmọ mi, Tómi, fi mọ́tò gbé mi láti Matteson lọ sí ilé kọfí kan ní Homewood, ní Amẹ́ríkà níbí. Bí a ti wọlé ni òórùn kan gbá mi nímú, òórùn èso tó gbẹ mọ́ èèpo rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tà á, onírùngbọ̀n bí ìgbálẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí oníwàásù. Tómi bá mi túmọ̀ rẹ̀: "Grandma, ó ní wọn ò fi omi fọ̀ ọ́ o. Tèso-tèso ni wọ́n sá a sóòrùn. It's very special."

Mo wo ọ̀dọ́mọkùnrin náà láti òkè délẹ̀. Ohun tí wọ́n fi bú ìyá bàbá mi ló wá ń fi yangàn lójú mi.

Ìlú wa wà láàárín òkè ní Èkìtì, níbi tí kùrukùru kì í tètè ká. Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi yìí, ní oko kọfí kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè. Èyí tó bá pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ nìkan la máa ń já. Orí àpáta la ń sá a sí, tí à ń fọwọ́ yí i, títí yóò fi dúdú, tí yóò máa dún ṣaworo bí a bá gbọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà la ó gún un lódó, a ó sì fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù.

Lọ́dún kan, àbúrò bàbá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Ọ̀gá, ti Ìbàdàn dé. Ó gbé bàtà dídán gun orí àpáta. Ó ní, "Màmá, ìdọ̀tí lẹ ń sá yìí. Fífọ̀ ni wọ́n ń fọ kọfí lóde òní."

Ó gbẹ́ kòtò, ó fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, ó da gbogbo ìkórè sínú omi. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, òun nìkan ló mọ ọjọ́ tó máa jáde. Ló bá gba ibi ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ. Ọ̀mọ̀wé gbàgbé! Kó tó dé, kọfí ti rà, òórùn rẹ̀ ń lé ewúrẹ́ ládùúgbò. Síbẹ̀, ó ní omi wa ni kò dára.

Ìyá Àgbà mú garawa kan. Ó fi gbọ́n kọfí náà, ó dà á sẹ́nu ọ̀nà yàrá Ọ̀gá, lé bàtà dídán náà lórí.

"Ọ̀gá, kọfí yín rèé. Ẹ máa mu ún."

Lọ́dún kejì, orí àpáta ló tún sá tirẹ̀ sí.

Ọ̀gá ti kú báyìí. Igi kọfí ṣì ń so, ẹyẹ ló ń jẹ ẹ́. Àwa ọmọ ilé náà wà ní Amẹ́ríkà, à ń ra ti ẹlòmíràn mu.

Ẹ má rò pé Ọ̀gá nìkan ni mo ń kẹ́gàn. Lọ́jọ́ tó pe kọfí yẹn ní ìdọ̀tí, mo wà níbẹ̀. Mo ti ń lọ sílé ìwé, ọwọ́ mi tí omi èso ti kùn sì ń tì mí lójú láàárín ẹgbẹ́. Mo rẹ́rìn-ín. Mo fọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà rí mi. Títí tó fi kú, kò tún pè mí kí n bá òun lọ sórí àpáta mọ́.