Yẹ̀kínì Onílọ́rì àti Ọ̀nà Orí Òkè Kánádà

Ọkọ̀ Yẹ̀kínì Ládòkun ló gbé mi dé Ṣakí lọ́dún 1974, nígbà tí wọ́n gbé mi wá láti kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama ní jọ́gíráfì. Lọ́rì Bẹ́dífọ́ọ̀dù ni, irin ni orí rẹ̀, pákó ni ara rẹ̀. Iṣu, èlùbọ́, èédú, èrò, kò sí ohun tí kì í kó. Ọkùnrin náà ga, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, kì í sì í sọ̀rọ̀ bó bá ti di sítíárìn mú. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹrù òun dé Ìbàdàn láìfọ́, Bàbá Mọ́nsúrù ni wọ́n máa ń júwe fún un. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń wakọ̀, kò kọlu ewúrẹ́ rí, ká má tíì sọ ti ènìyàn.

Mọ́nsúrù, àkọ́bí rẹ̀, wà lára àwọn tí ìjọba rán lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ lókè òkun. Kánádà ni tirẹ̀ bọ́ sí. Ó ṣetán, ó ríṣẹ́ síbẹ̀, ó fẹ́ Fàtímọ̀, ọmọ Tẹ̀dé tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀, wọ́n sì bí ọmọ méjì tí àwọn òbí rẹ̀ kò tíì fojú kàn.

Ní oṣù kejì ọdún 1981, kásẹ́ẹ̀tì kan ti Kánádà dé. Lásìkò yẹn, ẹni tí òbí rẹ̀ kò kàwé kì í fi lẹ́tà da ara rẹ̀ láàmú. Ohùn ló máa ń gbà sínú kásẹ́ẹ̀tì, a sì fi rán ẹni tó ń bọ̀ nílé. Àpọ́nlé tó ń ta òrí, ìyàwó Yẹ̀kínì, ló wá bá mi nílé ìwé.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dé ilé. Ìwé kan bá kásẹ́ẹ̀tì náà wá tí wọ́n ya ọ̀nà sí. Ohun tí Mọ́nsúrù ń sọ kò yé wa."

Mo bá a lọ. Yẹ̀kínì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì wà níwájú rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, ohùn ọmọ rẹ̀ jáde: "Bàbá, Ìyá, ẹ kú ilé o. Ní oṣù kẹfà, mo máa gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì. Mo fẹ́ kí ẹ wá. Gbogbo wa la máa wọ ọkọ̀ kan ṣoṣo, àti èmi, àti Fàtímọ̀, àti àwọn ọmọ, ká gbéra ní Kálígárì níbi tí à ń gbé, ká gba àárín àwọn òkè ńlá títí a ó fi yọ sí Fankúfà létí òkun. Ọjọ́ márùn-ún la máa fi rìn ín."

Yẹ̀kínì dá a dúró. "Ọjọ́ márùn-ún. Tíṣà, kí la fẹ́ kó lọ sí Fankúfà?"

"Kò sí ẹrù, Bàbá."

"Ta la fẹ́ lọ kí níbẹ̀?"

"Kò sẹ́ni."

"Kí wá la fẹ́ lọ ṣe?"

"Ẹ fẹ́ lọ wo òkè ni."

Yẹ̀kínì nawọ́ síta, síbi tí àwọn àpáta Ṣakí dúró sí lẹ́yìn ilé. "Òkè? Kí ni èyí ṣe?"

Àpọ́nlé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Yẹ̀kínì kò rẹ́rìn-ín. Pé kí ènìyàn da epo sínú ọkọ̀, kó máa lọ fún ọjọ́ márùn-ún nítorí ohun tí yóò fojú wò lásán, kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí. Síbẹ̀, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń fà á. Ó ní tí àwọn bá máa lọ, kí àwọn tètè mọ ọ̀nà.

Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Àlàmísì lẹ́yìn ìrun Àlàásárì ni mo ń lọ bá wọn ṣètò ìrìn-àjò yìí. Ìbéèrè awakọ̀ ló ń bi mí. Ibo ni a ti máa rí omi sínú rédíétọ̀? Ọlọ́pàá mélòó ló máa dá wa dúró? Mọ́nsúrù fi ìwé pẹlẹbẹ kan kún un tó sọ nípa ọ̀nà náà. Bí mo bá ti ka ojú ìwé kan, ẹnu wọn a là sílẹ̀. Mo kà á pé yìnyín kan wà lẹ́bàá títì tó nípọn ju ilé alájà mẹ́wàá lọ, tí oòrùn kò lè yọ́ tán.

"Ní oṣù kẹfà?" ni Yẹ̀kínì bi mí.

"Ní oṣù kẹfà, Bàbá."

"Sùbùhánálàhì!"

Mo kà á pé ẹranko kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ béárì, tó lè dìde dúró lórí ẹsẹ̀ méjì bí ènìyàn, tó sì máa ń wá sẹ́bàá títì. Àpọ́nlé ní òun kò ní sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Mo kà á pé lóṣù yẹn, oòrùn kì í wọ̀ níbẹ̀ títí di nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́. Èyí ló dẹ́rù bà wọ́n jù. Ìgbà wo ni wọ́n ń kí Mọ̀gàríbì? Ààwẹ̀ ọdún yẹn bọ́ sí oṣù keje. Báwo ni Mọ́nsúrù ṣe ń gbà á? Ìyá rẹ̀ di orí mú. "Áà! Abájọ tí ọmọ mi fi rù nínú fọ́tò!" Ojú ẹsẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í gún èlùbọ́ tí yóò gbé lọ.

Ọjọ́ Àlàmísì kẹrin ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Mo mú bírò pupa lọ, mo fi fa ọ̀nà náà láti Kálígárì dé Fankúfà kó lè hàn dáadáa. Mo tẹ́ àwòrán ilẹ̀ náà sórí tábìlì, mo ní, "Bàbá, ẹ fi ìka tẹ̀ lé e, kí ẹ rí bí ọ̀nà náà ṣe ń lọ́."

Ó fi ìka sí i. "Mo rí i. Ó lọ́ díẹ̀."

Ìka rẹ̀ wà lórí òkun. Ó jìnnà sí ìlà pupa náà.

Mo rò pé ó ń ṣẹ̀fẹ̀ ni. Mo wo ojú rẹ̀, kò sí ẹ̀fẹ̀ níbẹ̀. N kò mọ ohun tó sún mi ṣe é, mo yí ìwé náà dé. Ẹ̀yìn rẹ̀ funfun báláú, kò sí ohunkóhun níbẹ̀. Mo ní, "Apá tó kù nìyí, Bàbá."

Ó tún fi ìka sí i, ó ń fà á lọ díẹ̀díẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀nà yìí mà gùn o."

Igbá èlùbọ́ já bọ́ lọ́wọ́ Àpọ́nlé. Ó rìn wá síwájú ọkọ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè. "Bàbá Mọ́nsúrù, ìka mélòó nìyí?"

"Gbé ọwọ́ rẹ sílẹ̀."

"Ìka mélòó ni mo nà?"

"Mo ní gbé ọwọ́ rẹ sílẹ̀, Àpọ́nlé."

Yẹ̀kínì wá sọ ọ́, bí ẹni ń sọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Ojú òsì ti kú láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ti ọ̀tún, bí ìgbà tí èéfín bo ilé ni. Ó ń rí ìmọ́lẹ̀, ó ń rí òjìji ohun tó bá tóbi.

"Ta wá ló ń wa lọ́rì?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Èmi ni. Jẹ́ẹ́dé ń pe ọ̀nà fún mi."

Jẹ́ẹ́dé ni kọńdọ́tọ̀ rẹ̀, ọkùnrin tó ti lé lógójì ọdún, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló máa ń jókòó níwájú. Èmi náà ti gbọ́ ọ tó ń sọ̀rọ̀ láìdákẹ́ láti Ìṣẹ́yìn dé Ṣakí, mo rò pé àròyé ló ń ṣe. Àṣé "ọ̀tún díẹ̀" ló ń sọ, àṣé "afárá dé" ló ń sọ.

Yẹ̀kínì ní, "Kò sí kòtò tí n kò mọ̀ láti ibí dé Ìbàdàn. Ọwọ́ mi mọ ọ̀nà náà."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ní oṣù kọkànlá tó kọjá, èmi fúnra mi ló háyà lọ́rì yẹn, tí mo kó ọmọ ilé ìwé méjìlélọ́gbọ̀n sínú rẹ̀ lọ wo igbó ọba lẹ́bàá Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Bí a ṣe ń padà bọ̀, Jẹ́ẹ́dé ké "Màlúù!", lọ́rì náà fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì, àwọn ọmọ ṣubú lu ara wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àwọn ọmọ náà lọ́kàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò lè parí rẹ̀.

Àpọ́nlé wọlé, ó yọ kọ́kọ́rọ́ lọ́rì lára ìṣó, ó so ó mọ́ etí ìró. "Nínú ọkọ̀ yẹn ni mò ń kó òrí lọ sí Ògbóòró lọ́jọ́ ọjà. Èmi àti Àwáwù ọmọ wa. Ìwọ Yẹ̀kínì, o mọ̀ pé ọmọ rẹ wà lẹ́yìn rẹ, o sì ń wà á lọ?"

Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n, n kò gbọ́ ọ rí kó pe ọkọ rẹ̀ ní "ìwọ", bẹ́ẹ̀ ni n kò gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Ọkùnrin náà tẹrí ba.

"Kí ni mo fẹ́ máa jẹ, bí n kò bá wakọ̀? Kí ni wọ́n á máa pè mí?"

"Kò sí Kánádà," ni Àpọ́nlé wí. "A kò ní lọ wo òkè kankan títí o ó fi sọ fún àwọn tí o gbé."

Ọjọ́ kejì jẹ́ Jímọ̀. Lẹ́yìn ìrun, Yẹ̀kínì ní kí lèmọ́mù fún òun láyè. Ó sọ ọ́, kò fi ohunkóhun pa mọ́. Àwọn tó bá a wọkọ̀ dé Ìbàdàn lọ́sẹ̀ yẹn gan-an wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn kàn ń fọwọ́ pa àyà rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bú u. Wọ́n kàn ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń bọ́ sínú bàtà.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Àtinúkẹ́ ló wá bá a délé. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù, Abíọ́nà, wà lára àwọn tí mo kó lọ sí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Èmi náà wà níbẹ̀ nígbà tó dé. Yẹ̀kínì dọ̀bálẹ̀ fún un, àgbà ọkùnrin, gbalaja.

"Ẹ dìde," ló wí. "Mẹ́ta ni mo ti sin. Mi ò dárí jì yín." Ó yíjú sí mi. "Ẹ̀yin ńkọ́, Tíṣà? Ẹ kò wo ojú ẹni tí ẹ fẹ́ gbé ọmọ mi fún?"



Àpọ́nlé mú ọkọ rẹ̀ lọ bá dókítà ojú ní Ìbàdàn. Ti òsì kò ní àtúnṣe mọ́. Ti ọ̀tún, awọ funfun kan ló bò ó. Wọ́n ṣí i kúrò, wọ́n sì fún un ní awò ojú tó nípọn bí ìdí ìgò. Dókítà ní kó má wakọ̀ mọ́ láéláé. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ fi awò náà dé ilé, lọ́rì rẹ̀ ló lọ wò. Ara pákó rẹ̀ ti ha láti iwájú dé ẹ̀yìn lápá òsì, irin kan ti tẹ̀ wọnú. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa gbogbo rẹ̀.

"Jẹ́ẹ́dé, ibo ni èyí ti ṣẹlẹ̀?"

Jẹ́ẹ́dé wolẹ̀. "Afárá Odò Ògùn, Bàbá. Mo sọ fún yín pé ẹ̀ka igi ni."

Àpọ́nlé gbà kí wọ́n lọ. Òun ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún fún mi. Iwájú ni wọ́n fi Yẹ̀kínì sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mọ́nsúrù. Láti ohun tó lé lọ́gbọ̀n ọdún, kò jókòó nínú ọkọ̀ bí èrò rí àfi nígbà tó ń lọ bá dókítà. Ọkọ̀ náà kò ní jíà tí ènìyàn ń yí lọ́wọ́. Ó ní irọ́ ni, àfìgbà tó bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n dé ibi tí òkè ti gbé ọ̀nà sórí. Lápá ọ̀tún níbi tó jókòó sí, ilẹ̀ ti tán. Odò tó wà nísàlẹ̀ rí tín-ínrín bí okùn. Mọ́nsúrù yí kọ́nà kan, ó ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ ṣeré, ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo di sítíárìn mú.

Yẹ̀kínì ké. Àpọ́nlé ní irú igbe yẹn, òun kò gbọ́ ọ rí lẹ́nu ọkùnrin. Ọmọ wọn dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Bàbá náà sọ̀kalẹ̀, ó jókòó sórí òkúta. Wọ́n rò pé gíga ibẹ̀ ló bà á lẹ́rù.

Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ìyá Mọ́nsúrù, ṣé bí ẹ ṣe jókòó sẹ́yìn mi fún ọdún mẹ́ta nìyí?"

"Rárá," ni Àpọ́nlé dá a lóhùn. "Ẹ̀rù kò bà wá. Àwa kò mọ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀."

Ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n fi dé Fankúfà, nítorí ibi tí òkè bá ti ga ni ó máa ń ní kí wọ́n dúró. Nígbà tí wọ́n padà dé Ṣakí, ó ta lọ́rì náà, kò béèrè ẹni tó rà á. Wọ́n mú fọ́tò bọ̀. Nínú ọ̀kan, Yẹ̀kínì dúró níwájú yìnyín ńlá, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ọmọ-ọmọ rẹ̀ kékeré dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló wá wò ó. Àtinúkẹ́ náà wá lọ́jọ́ kan. Ó gba fọ́tò náà, ó wò ó pẹ́ títí, ó fi lé Àpọ́nlé lọ́wọ́, ó bá tirẹ̀ lọ láìkí bàbá náà.

Yẹ̀kínì kú lọ́dún 1988. Mo rí Àtinúkẹ́ níbi ìsìnkú, ó dúró lẹ́yìn àwọn obìnrin. N kò lè bi í bóyá ó ti dárí jì í, tàbí jì mí.